Orí Kẹfà: Oúnjẹ Alẹ́ Ìdílé Tí Kì Í Pẹ́ Lórí Iná

Ohun tó ń fa oúnjẹ alẹ́ sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe iná. Bí omi bá ti hó, a ó tẹ ẹ̀bà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìrẹsì kì í sábà gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ata tí a kò tíì lọ̀, àlùbọ́sà tí a kò tíì gé, ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìsà, ọmọ tí a rán lọ ra epo tí kò tètè padà: àwọn wọ̀nyí ló ń sọ aago méje di aago mẹ́sàn-án. Nítorí náà, oúnjẹ alẹ́ tí a fẹ́ kọ́ nínú orí yìí, ọjọ́ ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́dá la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí ìṣòro yìí ti ń dé bá ènìyàn lójoojúmọ́. Alímọ̀ṣọ́, tí Ẹgbẹ́dá wà nínú rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní iye náà kéré, pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sùn ní Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún tàbí Ìgàndo, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn wà ní Ìkẹjà, Oṣòdì, Àpápá tàbí Erékùṣù. Wọn a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dópẹ́mú àti Iyana-Ìpájà a sì dá wọn dúró nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì BRT tó ń ná Oṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá láti ọdún 2020 ti mú ìrìn náà yá fún àwọn kan. Síbẹ̀, ẹni tó wọlé ní aago mẹ́jọ kò ní agbára àtidúró ti ìkòkò fún wákàtí méjì.

Kí á tún sọ èyí kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́: ìwé yìí kò gbà pé ìyá nìkan ni oúnjẹ alẹ́ jẹ́ iṣẹ́ fún. Bàbá tó kọ́kọ́ dé lè gbé omi kaná. Ẹ̀gbọ́n tó ti ilé-ìwé dé láti aago mẹ́ta lè ṣa ẹ̀fọ́ kó sì gé e. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin àti obìnrin ni a kọ orí yìí fún.

Ata ọ̀sẹ̀ kan

Ọjà Ilé-Epo ní Òkè-Odò, lẹ́bàá òpópó tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ni ọ̀pọ̀ ará Ẹgbẹ́dá ti ń ra ata àti ẹ̀fọ́ fún ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn a gba ọjà Ìkòtún lọ. Apá tó pọ̀ nínú tòmátì àti tàtàṣé tí à ń rà níbẹ̀, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko àwọn ará ibẹ̀ fi ń dé inú ìkòkò wa. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, tòmátì sì di ọ̀wọ́n gógó ní Èkó. Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n nínú ìdáná ṣe nígbà náà ni pé wọ́n fi kún tàtàṣé àti àlùbọ́sà, wọ́n dín tòmátì kù. Ọbẹ̀ náà dùn. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín nígbàkigbà tí owó tòmátì bá ti ga jù.

Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, tàtàṣé ńlá mẹ́wàá, tòmátì bí ogún, àlùbọ́sà ńlá márùn-ún àti ata rodo mẹ́jọ yóò ká ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó fẹ́ràn ata lè fi rodo kún un, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá wà nílé, ó sàn kí ata ọ̀sẹ̀ tutù díẹ̀, kí àgbà fi ata gbígbẹ sí tirẹ̀ nínú àwo. Ẹ gbọn hóró inú tàtàṣé dànù. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú omi tó mọ́. Bí iná bá wà, ẹ lọ̀ ọ́ nílé. Bí kò bá sí, ẹ gbé e tọ ọlọ́ta lọ, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣan ẹ̀rọ rẹ̀ kí tiyín tó wọ inú rẹ̀, nítorí ìyókù ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí ẹlòmíràn lè mú kí ata tètè kan.

Ẹ gbé ata lílọ̀ náà kaná láìfi òróró sí i. Ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀, kí ooru lè máa jáde. Yóò máa hó fún bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò sì ki. Ìgbà yẹn ni ẹ ó da òróró sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà tí ẹ gé, kí ẹ sì máa rò ó títí òróró yóò fi léfòó, tí kíkan tòmátì yóò sì ti kúrò lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kánjú níbí yìí. Omi tó bá ṣẹ́kù sínú ata ni kòkòrò àìfojúrí ń lò láti fi bà á jẹ́, nítorí náà ẹni tó kánjú ní ọjọ́ Sátidé yóò rí ata tó ti ń hó kùṣùkùṣù ní ọjọ́ Túsìdeè.

Ẹ má fi iyọ̀ tàbí mágí sí i. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òun ló jẹ́ kí ata kan ṣoṣo lè di oúnjẹ márùn-ún tí kò jọra. Alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, irú àti epo pupa lè wọ inú rẹ̀ kó di ẹ̀fọ́ rírò. Ní Wẹ́sìdeè, táìmù àti kọ́rì lè wọ̀ ọ́ kó di ọbẹ̀ ìrẹsì. Bí ẹ bá ti fi iyọ̀ àti èròjà sí i ṣáájú, ọbẹ̀ kan náà ni ẹ ó máa jẹ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, àwọn ọmọ yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Nígbà tí ó bá tutù, ẹ pín in sínú abọ́ kékeré márùn-ún, oúnjẹ alẹ́ kan sí abọ́ kan. Ẹ fi èyí tí ẹ ó lò ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sínú fíríìjì, kí ẹ sì fi ìyókù sínú fíríìsà. Bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, tàbí tí kò sí fíríìjì nílé, ẹ ṣe ata tó kéré, èyí tó lè tó ọjọ́ méjì, kí ẹ sì máa gbé e kaná ní àárọ̀ àti ní alẹ́ títí yóò fi hó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń tọ́jú ọbẹ̀, ọgbọ́n náà ṣì dára. Kí a dín ata ọ̀sẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà a máa dín owó gáàsì kù. Ẹni tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta tàbí mẹ́fà yóò tètè rí ìyàtọ̀ láàárín kí a dín ata lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti kí a máa dín in lálaalẹ́.

Ẹ̀wà

Nínú gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́jà Ilé-Epo, ẹ̀wà ni mo gbà pé ó yẹ kí ìdílé máa jẹ jù lálẹ́, òun náà sì ni àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń sá fún jù nítorí pé ó ń pẹ́ kó tó rọ̀. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù ní gbogbo ayé. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà amúnidàgbà tó wà níbẹ̀ lé ní gíráàmù 20, èyí tó pọ̀ ju ti ìrẹsì lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ẹ̀wà kò ní gbogbo ẹ̀yà èròjà náà ní ìwọ̀n tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo àti ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan kò ní tó, èkejì ní in. Àwọn baba ńlá wa tó ń se àdálú, ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo, ti ṣe ohun tí ìmọ̀ oúnjẹ òde òní ń kọ́ni. Ẹ̀wà àti ìrẹsì tí à ń jẹ pọ̀ rí bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀kọ àti àkàrà pẹ̀lú.

Bí a ṣe lè mú ẹ̀wà rọrùn nìyí. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ ṣa dẹ́rìkà ẹ̀wà méjì, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ da omi náà nù, nítorí pé lára ohun tó ń mú inú kún lẹ́yìn ẹ̀wà ti yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fi omi tuntun sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí a gé, títí yóò fi rọ̀. Ẹni tó ní ìkòkò pressure yóò tètè ṣe tán. Kaun a máa mú ẹ̀wà tètè rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí rírẹ ẹ sómi ṣe iṣẹ́ kaun fún yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ pín ẹ̀wà sísè náà sọ́nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì kó o sínú fíríìsà. Ní alẹ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ ó gbé abọ́ ata ọ̀sẹ̀ kan kaná pẹ̀lú epo pupa, edé lílọ̀, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀, ẹ ó da ẹ̀wà sí i, ẹ ó rò ó pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n bá wà, dòdò a bá a lọ. Bí kò bá sí, garí tàbí búrẹ́dì Agége.

Àwọn kan nínú ìdílé kì í fẹ́ ẹ̀wà rírò. Ẹ wo ẹ̀wà àgànyìn tí àwọn obìnrin tó wá láti ilẹ̀ Benin àti Togo mú gbilẹ̀ ní Èkó: ẹ̀wà wọn rọ̀ gan-an, wọ́n sì ń dín ata gbígbẹ lọ́tọ̀ nínú epo tó gbóná títí yóò fi dúdú. Ẹ lè fi ata ọ̀sẹ̀ yín ṣe irú rẹ̀ tí kò ta tó bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù bu iye tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí ẹ̀wà ọjà. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò bíi Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ní ọdún 2019 wọ́n sì fi òfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré. Ẹ̀wà tó ní kòkòrò díẹ̀ sàn ju ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn lọ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Òkèlè àti ẹ̀fọ́

Ẹ̀bà ni oúnjẹ alẹ́ tó yá jù nílẹ̀ Yorùbá, mi ò sì rí ohun tó burú nínú kí ìdílé jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá nípọn. Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a jẹ́ kó kan fún ọjọ́ díẹ̀, tí a fún gbẹ, tí a sì yan, ló di garí. Àwọn ìgbésẹ̀ yẹn ló ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ jáde, nítorí náà ẹ má ra garí tí wọ́n kánjú ṣe. Okun nìkan ni garí ń fún wa. Ohun tó kù, inú ọbẹ̀ la ti ń wá a.

Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ ná owó lé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, úgù, gbúre àti ewúro wà lọ́jà ní gbogbo ìgbà òjò, owó wọn kì í sì í ga. Ẹni tó ń se ẹ̀fọ́ tó sì ń jẹ́ kó pẹ́ lórí iná ń da ohun tó rà sínú omi. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé e. Bí ẹ bá gé e kí ẹ tó fọ̀ ọ́, fítámì yóò bá omi lọ. Ẹ gbé epo pupa kaná, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó funfun, nítorí àwọ̀ pupa yẹn gan-an ni ara wa ń sọ di fítámì A. Ẹ da àlùbọ́sà, irú àti abọ́ ata ọ̀sẹ̀ kan sí i. Pánlá, ṣàwá tàbí ẹja Titus tí ẹ ti sè tẹ́lẹ̀ lè tẹ̀ lé e, tàbí pọ̀nmọ́ bí owó bá kéré. Ẹ̀fọ́ ló gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti tó. Gbúre ní omi púpọ̀, nítorí náà ẹ má fi omi kankan sí tirẹ̀. Ewédú yàtọ̀ díẹ̀: ìjábẹ̀ tàbí ẹ̀rọ la fi ń lọ̀ ọ́, omi díẹ̀ ló ń fẹ́, àti ata ọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìrẹsì, iṣu àti Indomie

Ìkòkò kan ni kí ẹ fi se ìrẹsì alẹ́. Ẹ se ata ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú epo pupa, irú, edé àti ẹja gbígbẹ, ẹ da ìrẹsì tí ẹ ti fọ̀ sí i, ẹ fi omi tó bò ó díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e pa, kí iná sì kéré. Kọ̀nkọ́ṣọ̀n ni àwọn ọmọ Èkó ń pe irú ìrẹsì yìí. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ da ẹ̀fọ́ tí ẹ gé lé e lórí. Àsáró náà rí bẹ́ẹ̀: iṣu tí a gé kékeré yóò rọ̀ kíákíá, a ó sì fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ki. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni ọ̀rọ̀ iṣu: láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun bá ti kún ọjà, owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀dùnkún dára láti fi rọ́pò rẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn adùn rẹ̀.

Láti ọdún 1988 tí Indomie ti wọ Nàìjíríà, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń béèrè fún lálẹ́. Kò sí ìdí láti fi òfin dè é nílé. Ìyẹ̀fun, òróró àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ohun tí kò ní kún un: ẹyin méjì, ẹ̀fọ́ ìkúnwọ́ kan, ṣíbí ata ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lo ìdajì èròjà inú ọ̀rá kékeré rẹ̀, nítorí ata yín ti ní adùn tirẹ̀.

Fún ìyá àgbà àti ọmọ kékeré, ẹ̀kọ mímu tó gbóná dára lálẹ́, kò sì le fún ikùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sẹ́ ògì, lára èròjà amúnidàgbà inú àgbàdo a bá èèrí lọ. Àwọn onímọ̀ ní FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Oṣòdì ní ọdún 1956, ló fi ẹ̀wà sóyà kún ògì láti dí àlàfo yẹn. Nílé, ṣíbí ẹ̀wà sóyà lílọ̀ kan tàbí méjì nínú ògì yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, bí a bá ti yan sóyà náà kí a tó lọ̀ ọ́. Bí ìyẹn kò bá sí, mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà ni kó bá ẹ̀kọ náà rìn.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé kíkọ oúnjẹ wa sílẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní àwọn ọdún 1930 ni J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ti ṣe ìwé tí a ń pè ní Kudeti Book of Yoruba Cookery, tí CMS tẹ̀ jáde ní Èkó. Nínú oúnjẹ tí a dárúkọ lókè, àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Aago tí a fi ń sè wọ́n ló yí padà.

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ́ni nínú ìlànà márùn-ún tó gbé jáde ní ọdún 2001 pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ láìsí ooru tàbí òtútù ju wákàtí méjì lọ. Ní Ẹgbẹ́dá tí ooru ti mú, kí á tilẹ̀ tètè gbé e. Ìrẹsì ló yẹ kí á ṣọ́ra fún jù. Ẹyin kòkòrò kan wà, Bacillus cereus, tí sísè kì í pa. Bí ìrẹsì bá sùn nílẹ̀ mọ́jú nínú ìkòkò, ẹyin náà a pa, kòkòrò a pọ̀, májèlé tí wọ́n bá ti ṣe sínú rẹ̀ kì í sì í kúrò bí a bá gbé e kaná padà. Nítorí náà, ìrẹsì àná tó wà lórí sítóòfù láti alẹ́, ẹ da á nù. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ẹ tú u sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kó tètè tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì mú un gbóná títí yóò fi máa yọ èéfín kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Bí iná bá lọ ní gbogbo òru, ẹ má ṣí fíríìjì lemọ́lemọ́. Òtútù inú rẹ̀ yóò pẹ́ sí i.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ lọ sí ọjà tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè owó tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata rodo tó lè tó ìdílé ẹni mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí owó tòmátì bá di ìlọ́po mẹ́ta, kí ni ẹ ó yí padà nínú ata náà, èló sì ni yóò jẹ́?

2. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi iyọ̀ sí ata ọ̀sẹ̀, àti ìdí tí a fi ń jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ kí òróró tó wọ̀ ọ́.

3. Nínú ilé kan tí kò ní fíríìjì, tí gáàsì rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta, ẹ kọ oúnjẹ alẹ́ márùn-ún sílẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé náà, kí ẹ rí i pé kò sí ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ ṣe.

4. Ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọbẹ̀ nígbà tí kò sí fíríìjì. Nínú ohun tí wọ́n bá sọ, èwo ló bá ẹ̀kọ́ WHO mu, èwo ni kò bá a mu, kí ló sì fà á?